Bí A Ṣe Ń Di Ẹrù Aṣọ Òtútù Láìjẹ Gbèsè

Orí yìí wà fún ẹni tí físà ti bọ́ sí lọ́wọ́, tó ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì, tí ohun tó ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ọkọ̀ dé pápákọ̀ òfurufú lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń dẹ́rù bà jù nípa òtútù. Ẹ̀gbọ́n kan á ní kó lọ ra kọ́ọ̀tù ràbàtà kan tí yóò gba ìdajì àpótí. Àǹtí kan á ní súwẹ́tà kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá. Ẹ gbọ́ gbogbo wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ má sì tíì ná kọ́bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀: ẹ ra aṣọ tó ń fara kan ara nílé, ẹ mú kọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tó lè gbà yín fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dání, kí ẹ sì fi owó yòókù pamọ́ de bàtà àti aṣọ tó wúwo, tí ẹ ó rà níbi tí òtútù náà gan-an wà.

Òtútù ìlú wo?

Kí ẹ tó wọ ọjà, ẹ mọ irú òtútù tí ẹ ń lọ bá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀sán Èkó máa ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 32 tàbí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru rẹ̀ ò sì sábà sọ̀ kalẹ̀ ju 22 lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester lóṣù kan náà, ọ̀sán kì í sábà kọjá 7 tàbí 8, òru á sì wà ní nǹkan bíi 2. Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń dá èèyàn lágara ní Ìlú Ọba ni òjò wínníwínní, atẹ́gùn, àti ọ̀rinrin tó ń yọ́ wọ inú aṣọ. Ẹni tó bá gbé kọ́ọ̀tù Kánádà lọ sí Manchester á máa làágùn nínú bọ́ọ̀sì, bó bá sì sọ̀ kalẹ̀, òjò á tún rin ín.

Winnipeg, ní Kánádà, yàtọ̀ pátápátá. Kí òru oṣù Ṣẹ́rẹ́ wà ní ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo kì í ṣe ìròyìn níbẹ̀, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sí 30 lábẹ́ òdo. Toronto sàn ju ìyẹn lọ dáadáa. Calgary ní atẹ́gùn kan tí wọ́n ń pè ní Chinook, tó ń fẹ́ láti orí àwọn òkè Rocky wá. Ó lè sọ òtútù kíkorò di ọ̀sán tó tura láàárín wákàtí díẹ̀, kí òtútù náà sì tún padà wá bá yín níta pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì fẹ́ẹ́rẹ́. Houston, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà, kò gbà ju kádígàn àti jákẹ́ẹ̀tì lọ lọ́pọ̀ ọjọ́. Chicago ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, òtútù ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 30 lábẹ́ òdo.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà o. Fahrenheit ni wọ́n ń lò. Bí fóònù bá sọ pé Chicago wà ní 30 lónìí, ẹ má rò pé oòrùn Ìbàdàn ló ràn níbẹ̀. Láti 32 lórí òṣùwọ̀n yẹn ni omi ti ń di yìnyín. Ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo nìkan ni òṣùwọ̀n méjèèjì ti bára mu, ẹni tó bá sì bá ara rẹ̀ níbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò ní í ráyè ìṣirò. Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ, ẹ máa wo ibi tí wọ́n kọ Feels like sí lójú fóònù. Atẹ́gùn ń gbá ooru tó yí ara ká lọ, nítorí náà ìwọ̀n 5 tó ní ìjì nínú lè gún ni lára ju òdo tó dákẹ́ lọ.

Aṣọ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Aṣọ kì í dá ooru sílẹ̀. Ara yín ló ń pèsè ooru. Iṣẹ́ aṣọ ni pé kó má jẹ́ kí ooru náà sá lọ. Atẹ́gùn tó há sáàárín aṣọ kan àti èkejì, tí kò rí ọ̀nà rìn, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tí aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta fi sábà máa ń móoru ju aṣọ kan tó nípọn lọ. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: ilé ìtajà, kíláàsì àti bọ́ọ̀sì níbẹ̀ máa ń gbóná, ẹ lè bọ́ ọ̀kan tàbí méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Òógùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojútì lásán nígbà òtútù. Aṣọ tó bá ti rin ń fa ooru jáde lára, bí ẹ bá sì tún bọ́ síta, ẹ ó gbọ̀n ju ẹni tí kò wọ nǹkan púpọ̀ lọ.

Èyí ni mo fi ń bá síngílẹ́ẹ̀tì òwú wa jà. Ó dára nílé, ó ń mu òógùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu ún, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀; á lẹ̀ mọ́ àyà yín ní ibùdókọ̀, á sì máa tutù. Aṣọ tó máa fara kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ti òógùn jáde. Ẹ yí kọ́là rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Polyester dára, kò sì wọ́n. Merino, tí í ṣe irun àgùntàn kan tó rọ̀, dára jù, ó sì wọ́n jù. Bó bá jẹ́ 100% Cotton ló wà níbẹ̀, ẹ fi ṣe aṣọ oorun.

Ẹ kò nílò kí wọ́n kọ Thermal sára rẹ̀ rárá. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó ń fún mọ́ ara, tí àwọn ọmọkùnrin ń wọ̀ sábẹ́ jẹ́sì bọ́ọ̀lù, á ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Légíńsì tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ eré ìdárayá pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín: ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò jíìnsì, kò sẹ́ni tó rí i. Mẹ́ta tòkè, méjì tìsàlẹ̀, ó tó. Polyester fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ gbẹ, èyí tí ẹ bá fọ̀ lálẹ́, tí ẹ sá sínú yàrá, ẹ lè wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Aṣọ kejì, ti àárín, ni súwẹ́tà tàbí aṣọ onírun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní fleece. Kí ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí bí gbogbo rẹ̀ bá fún pinpin, kò sí àyè fún atẹ́gùn tí a sọ pé kó há síbẹ̀. Ìkẹta ni jákẹ́ẹ̀tì tàbí kọ́ọ̀tù, tó ń dí ojú atẹ́gùn àti òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ìlú Ọba, kí òjò jẹ yín lógún ju nínípọn lọ. Ẹ wá èyí tó ní ìbòrí lẹ́yìn ọrùn, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kì í pẹ́ yí agboòrùn sódì. Ẹni tó ń lọ sí ibi tí yìnyín ti pọ̀ ní Kánádà ló nílò èyí tó nípọn, tó sì gùn bo ìdí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí òde kì í tán nílẹ̀ Yorùbá, kì í sì í tán ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbádá ń gba atẹ́gùn wọlé láti gbogbo igun. Bí ẹ bá fẹ́ wọ bùbá àti ìró tàbí agbádá lọ sóde nígbà òtútù, ẹ wá aṣọ ìsàlẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ gé wálẹ̀, kó má baà yọjú lọ́rùn bùbá, kí légíńsì sì wà lábẹ́ ìró. Aṣọ-òkè tó wúwo móoru díẹ̀ ju léèsì lọ, bí ẹ bá ní i.

Ní ọjà òkìríkà

Ìjọba Nàìjíríà ka aṣọ tí wọ́n ti lò mọ́ ohun tí òfin kò fàyè gbà kí wọ́n kó wọlé. Ẹni tó bá dé Katangowa lágbègbè Abúlé-Ẹ̀gbá kò ní mọ̀. Níbẹ̀, ní Yábàá, àti ní Aṣuwání ní Ìsọlọ̀ tó ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rí kọ́ọ̀tù tí ẹnì kan ní Leeds tàbí ní Ohio kó fún ẹgbẹ́ aláàánú, tó wọ bẹ́élì, tó gba orí omi dé, tí ẹ̀yin náà sì fẹ́ gbé padà lọ. Àyè wà láti rà á ní pọ́ọ́kú, torí ta ló fẹ́ kọ́ọ̀tù onírun ní Èkó? Kádígàn ló ń wọ́n nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ẹ ra kádígàn àti súwẹ́tà kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí wọ́n bá ń tú bẹ́élì. Ẹ mú owó kéékèèké àti omi inú ọ̀rá kan dání. Mo máa tó sọ ìwúlò omi náà. Ẹ má sì sọ fún ọlọ́jà pé Kánádà lẹ ń lọ. Ẹ ní Jos lẹ ń lọ.

Bí ẹ bá ti mú kọ́ọ̀tù kan lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi imú gbọ́ inú rẹ̀. Òórùn ebu kì í fi aṣọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀, pàápàá èyí tó ní ìyẹ́ nínú. Ẹ fa síìpù rẹ̀ sókè sódò léraléra. Ẹ wo abẹ́ abíyá àti etí ọwọ́, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo ara rẹ̀: bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti ṣù jọ síbì kan, tí ibòmíràn sì ṣófo, ibi tó ṣófo yẹn ni òtútù á gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mọ́ aṣọ òkè rẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ líle, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì sí ẹ̀yìn aṣọ náà. Bí èémí yín bá dé ọwọ́ yẹn, atẹ́gùn Edinburgh náà á dé ara yín. Ìgbà yìí ni omi wúlò: ẹ kán díẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Bí omi náà bá dúró lórí rẹ̀ bíi ti ewé kókò, ó dára. Bó bá mu ún lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kọ́ọ̀tù òjò.

Èyí tí wọ́n kọ Down sí lára, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti ẹyẹ mìíràn tó jọ ọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó móoru gan-an, ó sì ń ká wọ igun àpótí. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bó bá ti rin, kò wúlò mọ́ títí yóò fi gbẹ. Mo fẹ́ ẹ fún Winnipeg, tí òtútù rẹ̀ gbẹ. Fún Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n fi Polyester kún inú rẹ̀ ló dára, torí ó ṣì ń móoru díẹ̀ bó bá tilẹ̀ rin.

Síìpù tó ti bàjẹ́ kò yẹ kó lé yín sá. Ẹ fi bá ọlọ́jà ná an wálẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá télọ̀ àdúgbò. Owó iṣẹ́ télọ̀ ní ọ̀hún lè ju owó kọ́ọ̀tù náà lọ, nítorí náà gbogbo àtúnṣe, bọ́tìnì, ìlà tó tú, ṣòkòtò tó gùn jù, ẹ ṣe é tán nílé.

Kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Polyester gba omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ. Súwẹ́tà onírun àgùntàn kò gba omi gbígbóná o. Á súnkì di ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lọ́ ọ, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí ibòòji.

Orí, ọwọ́, ẹsẹ̀

Etí, imú àti ìka ni òtútù máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹni tó bá ní fìlà abetí-ajá nílé ní ohun tó bo etí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n hẹ́ẹ̀dì-wọ́mà tó fún mọ́ orí ló wúlò jù lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ di irun tàbí tí ẹ fi irun yín sílẹ̀, ẹ ní kí télọ̀ fi sátíìnì tẹ́ inú hẹ́ẹ̀dì-wọ́mà náà, kó má baà máa já yín nírun níwájú orí. Àfikún kékeré ni, ó sì wọ́n bí ẹ bá fẹ́ rà á ní títẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi irun tútù jáde.

Ìbọ̀wọ́ tí gbogbo ìka jọ wà nínú àpò kan, tí àtàǹpàkò nìkan dá wà, móoru ju èyí tó ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lọ. Èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ tó fún Lọ́ńdọ̀nù. Máfúlà kan ṣoṣo ti tó, kó sáà gùn tó láti bo imú.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan tó nípọn sàn ju ti òwú mẹ́ta tí ẹ wọ̀ léra wọn lọ. Bí bàtà bá fún nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa dé ìka ẹsẹ̀, ìka náà á sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti bàtà, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń wo bùútù àgùnbánirọ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò ṣe é fún yìnyín, kò sí ohun tó ń pa ooru mọ́ nínú rẹ̀. Kẹ́ńbẹ́ẹ̀sì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí omi kì í tètè wọ̀, lè gbé yín dé ibi tí ẹ ó ti ra ti gidi.

Àwọn tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn sickle cell, gbọ́dọ̀ ka òtútù sí ọ̀tá, torí òtútù wà lára ohun tó ń dá ìrora àrùn náà sílẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣọ́wó ná lórí ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìsàlẹ̀, kí ó má sì dúró di ìgbà tó bá gúnlẹ̀ kó tó wọ̀ wọ́n. Oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú. Báàgì ọwọ́ ni.

Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òtútù ń mú òun. Ẹ fi aṣọ kan kún ti yín fún un, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tutù tàbí ó ń làágùn. Ohun kan tó ṣàjèjì sí wa nílé ni àga ọmọ inú ọkọ̀. Ẹ má fi jákẹ́ẹ̀tì tó wú di ọmọ mọ́ inú rẹ̀: bí ọkọ̀ bá dúró gììrì, jákẹ́ẹ̀tì náà á fún pọ̀, okùn á dẹ̀, ọmọ sì lè já bọ́. Ẹ bọ́ ọ, ẹ dì í le dáadáa, kí ẹ wá da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó.

Ní ti awọ ara, ẹni tó mọ ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀rọ ooru inú ilé náà máa ń mú awọ gbẹ. Ẹ mú òrí dání.

Kílò

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó ń gbéra ní Èkó lọ sí ìlú òyìnbó máa ń fàyè gba àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju kílò 23 lọ, ṣùgbọ́n ti gbogbo wọn kò rí bákan náà, nítorí náà ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Kílò tí kọ́ọ̀tù bá jẹ, gàrí àti ẹ̀gúsí ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má dì í sínú àpótí. Ẹ gbé e kọ́ apá; kì í sábà sí ẹni tó ń gbé aṣọ tó wà lára èrò sórí òṣùwọ̀n. Àpò rẹ̀ pàápàá lè gba ìbọ̀wọ́, ṣájà àti ìwé. Àwọn kan máa ń ra ọ̀rá tí wọ́n ń fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kí aṣọ lè fún pọ̀. Ó dára, ó ń dín ìtóbi kù, àmọ́ kò dín ìwúwo kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe, tí wọ́n á wá máa tú ẹrù nílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Báàgì ọwọ́ ni kí aṣọ ìsàlẹ̀ kan, fleece, hẹ́ẹ̀dì-wọ́mà, máfúlà àti ìbọ̀sẹ̀ nínípọn wà, torí àpótí lè ṣáko lọ síbòmíràn fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá máa dúró ní Istanbul láti pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n lè fi bọ́ọ̀sì gbé yín gba orí pápá, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Nígbà tí ẹ bá dé, kí ẹ tó jáde síta, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ sì wọ aṣọ ìsàlẹ̀ náà níbẹ̀. Kò dára kéèyàn máa wá ìbọ̀wọ́ nínú báàgì nígbà tí ìka ti kú.

Ohun tí ẹ ó rà níbẹ̀

Ẹni tó gúnlẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ bọ́ sí àkókò tó dára fún ọjà. Láti ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni àwọn ilé ìtajà ní Ìlú Ọba àti Kánádà ti ń já owó ọjà wálẹ̀, aṣọ òtútù sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tà tán kí ìgbà ìrúwé tó dé. Ní Ìlú Ọba, ilé ìtajà Primark ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá lọ fún aṣọ ìsàlẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀. Fún kọ́ọ̀tù, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Oxfam àti British Heart Foundation, kí ẹ sì yan èyí tó wà ládùúgbò àwọn olówó; ohun tí wọ́n ń kó sílẹ̀ níbẹ̀ kì í tíì gbó. Ní Kánádà, Value Village àti ṣọ́ọ̀bù Salvation Army ló jọ ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Goodwill. Kí ẹ tó ná owó rárá, ẹ béèrè nínú ìjọ tàbí mọ́sáláṣí àwọn ará ilé. Kọ́ọ̀tù tí ọmọ ẹnì kan ti dàgbà ju máa ń wà nílé ẹnì kan.

Bàtà nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ rà ní tuntun. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tí a là jinlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ líle ń yọ̀ lórí yìnyín. Kí ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ bí yìnyín bá ń ga níbẹ̀. Ní Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́; iyọ̀ yẹn ń jẹ awọ bàtà, ẹ máa fi àkísà tútù nù ún bí ẹ bá wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn lọ wọn bàtà náà, kí ìka ẹsẹ̀ sì ráyè mì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e délé, orí kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ẹ ti kọ́kọ́ máa fi rìn fún alẹ́ kan tàbí méjì, kí ríṣíìtì sì wà nítòsí: bó bá fún yín, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń gba ọjà padà á gbà á, bí kò bá tíì fẹsẹ̀ kan títì.